Ìlẹ̀kẹ̀ Pupa Kì Í Ṣe Ẹ̀bi Òṣìṣẹ́

Bí búrẹ́dì bá jóná ní ilé búrẹ́dì nílẹ̀ Yorùbá, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó sábà máa ń jáde lẹ́nu ọ̀gá ni pé, "Ta ló wà nídìí ààrò?" Kì í béèrè igun ààrò tí búrẹ́dì ti jóná, tàbí aago tó jóná, tàbí ìyẹ̀fun tí wọ́n lò lọ́jọ́ náà. Ta ni, ó parí. Wọ́n á yọ owó búrẹ́dì náà nínú owó oṣù ẹni tó wà níbẹ̀. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, wọ́n á ní kó máa lọ sílé, wọ́n á gba ẹlòmíràn. Kò ní pẹ́ tí búrẹ́dì ẹni tuntun náà yóò fi jóná. Àṣà yìí ti mọ́ àwọn èèyàn lára débi pé wọn kò kà á sí ìrẹ́jẹ mọ́. Ìrẹ́jẹ ni. Ìwà òpè ni pẹ̀lú, nítorí kò dá owó kankan padà sápò ọ̀gá.

Onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà kan, W. Edwards Deming, máa ń fi eré kan tú àṣírí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀. Yóò kó ìlẹ̀kẹ̀ 4,000 sínú àpótí kan, 3,200 funfun, 800 pupa. Yóò pe èèyàn mẹ́fà láàárín àwọn olùgbọ́ rẹ̀ kí wọ́n wá ṣe òṣìṣẹ́. Yóò fún wọn ní pátákó pẹlẹbẹ kan tó ní ihò 50, kí wọ́n máa tì í bọ inú àpótí, kí wọ́n máa fi gbé ìlẹ̀kẹ̀ 50 jáde lẹ́ẹ̀kan. Funfun nìkan ni oníbàárà fẹ́. Pupa jẹ́ àbùkù. Ẹni tó bá gbé pupa 6, ọ̀gá á yìn ín, á ṣèlérí ẹ̀bùn fún un. Ẹni tó bá gbé 14, á jẹ ìbáwí lójú gbogbo èèyàn. Ní ìgbà kejì, ẹni tí wọ́n yìn lè gbé 12, ọ̀gá á ní ìyìn ti mú un gbéra ga. Nígbẹ̀yìn, wọ́n á lé àwọn tí pupa wọn pọ̀ jù. Àwọn olùgbọ́ á máa rẹ́rìn-ín, títí yóò fi yé wọn pé ìlẹ̀kẹ̀ kan nínú márùn-ún ló pupa kí ẹnikẹ́ni tó ti ọwọ́ bọ àpótí. Kò sí ìtara, àdúrà tàbí ìhalẹ̀ tó lè sọ pupa di funfun. Ọ̀gá tó ra ìlẹ̀kẹ̀ ló kó pupa wọlé.

Báwo ni ọ̀gá yóò ṣe mọ̀yàtọ̀, bóyá òṣìṣẹ́ ló jẹ̀bi tàbí àpótí? Ìdáhùn ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1924. Ní oṣù Èbìbí ọdún náà, Walter Shewhart, tó ń ṣiṣẹ́ ní Western Electric, kọ ìwé sí ọ̀gá rẹ̀, kò ju ojú ewé kan lọ. Àwòrán kan wà nínú rẹ̀: ìlà òkè, ìlà ìsàlẹ̀, àti àmì iṣẹ́ ojoojúmọ́ láàárín méjèèjì. Àmì tó bá ń lọ sókè sódò láàárín ìlà méjì yìí, bí ètò iṣẹ́ náà ṣe máa ń rí ni. Kò sí ẹni tí a ó dá lẹ́bi. Èyí tó bá fò kọjá ìlà ni kí wọ́n tọpa rẹ̀. Ní ti ìlẹ̀kẹ̀ Deming, ìṣirò fi hàn pé ohunkóhun láti pupa 2 títí dé 18 wà láàárín ìlà. Ẹni tó gbé 6 àti ẹni tó gbé 14 kò yàtọ̀ síra. Ọ̀gá tó yin ọ̀kan, tó lé èkejì, òjìji ló ń bá jà.

Àwọn ará Jàpáánù gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu Deming ní ọdún 1950, wọ́n sì mú un lò. Kaoru Ishikawa, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Tokyo, kó irinṣẹ́ méje jọ tí òṣìṣẹ́ lásán lè lò. Àwòrán Shewhart wà lára wọn. Èyí tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ni àwòrán egungun ẹja: ìṣòro wà ní orí ẹja, ohun tó lè fà á wà lára egungun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ, èròjà, ọ̀nà ìṣiṣẹ́, èèyàn. Èèyàn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n egungun kan péré ni láàárín ọ̀pọ̀.

Èyí tó rọrùn jù nínú méjèèje ni ìwé tí wọ́n ń fa ìlà sí. Ká ní ilé búrẹ́dì ya àwòrán ààrò sórí ìwé, tí òṣìṣẹ́ sì ń fa ìlà kan sí ibi tí búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan ti jóná, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ìlà bá pọ̀ ní igun òsì lẹ́yìn, yálà Àkànní ló wà nídìí ààrò tàbí Sùnmọ́nù, ààrò ló ń jó búrẹ́dì. Bíríkìlà ni kí wọ́n ránṣẹ́ pè. Ìwé àti pẹ́ńsù ni gbogbo ìnáwó rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ọ̀gá kan wà tó ń sanwó gọbọi lọ sí ìpàdé ẹ̀kọ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n gbé ìwé ẹ̀rí kọ́ ògiri ọ́fíìsì, tí kò sí ìwé ìfàlà kan ṣoṣo nídìí ààrò wọn.

Àwíjàre wọn ni pé òṣìṣẹ́ Nàìjíríà yàtọ̀, pé ọ̀lẹ ni, pé olè ni. Ohun tí wọ́n sọ nípa àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ General Motors ní Fremont, ní Kalifóníà, náà nìyẹn. Wọ́n ní ọ̀mùtí ni wọ́n, wọn kì í wá síbi iṣẹ́. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa ní ọdún 1982. Ní ọdún 1984, Toyota àti General Motors jọ ṣí i padà. Púpọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n gbà jẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ àná, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan náà. Ètò ló yí padà: òṣìṣẹ́ tó bá rí àbùkù lè fa okùn kí gbogbo iṣẹ́ dúró, olórí rẹ̀ á wá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ṣe é. Láàárín ọdún bíi méjì, ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ dára tó ti Jàpáánù. Ọ̀lẹ àná dà?

Òṣìṣẹ́ aláìbìkítà wà, kò sẹ́ni tó jiyàn. Àwòrán Shewhart ni yóò kọ́kọ́ fi í hàn, nítorí àmì tirẹ̀ á fò kọjá ìlà, á sì máa fò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kan wà fún ọ̀gá tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Bó bá sọ ìwé ìfàlà di pàṣán, òṣìṣẹ́ yóò fi ìlà pamọ́, ìwé yóò mọ́ tónítóní, búrẹ́dì tó jóná yóò sì gba ẹ̀yìn ilé jáde lóru. Kí wọ́n tó gbé ìwé náà kọ́ ògiri, kí wọ́n kọ́kọ́ fagi lé yíyọ owó oṣù. Ọmọkùnrin tó wà nídìí ààrò ti san owó búrẹ́dì igun òsì pẹ́ jù.