Ìwọ̀n Kókó Ni Ìwọ̀n Òrùka

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti ìdánwò, kì í sì í ṣe ti owó ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ òrùka ni. Ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kí wa kú oríire, kì í ṣe òrùka ìgbéyàwó. Àwọn òrùka kéékèèké tí wọ́n máa ń dè mọ́ ara ọ̀pá ìpẹja, tí okùn ń gba inú wọn kọjá láti ìdí ọ̀pá dé ṣóńṣó rẹ̀, ni a ń sọ.

Àwọn tó mọ àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ̀ pé bí ilẹ̀ Sátidé bá ti mọ́, ẹ̀bá adágún omi ni wọ́n ti máa bá wa. Ẹja epìyà kéékèèké ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní ọdún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n wa kan tó ka Yorùbá níbí, tó ti wà ní Amẹ́ríkà báyìí, mú ọ̀pá kábọ́ọ̀nù kan bọ̀ fún wa nígbà tó wá sílé. Ọ̀pá fífúyẹ́ ni, ẹsẹ̀ bàtà 6, èyí tí wọ́n ṣe fún ìjẹ ẹ̀tàn tó wọn nǹkan bíi gíráàmù 1 sí 5. Ọ̀pá lásán ni, kò ní ibi ìdìmú, kò ní òrùka kankan. Ó ní kí a fi ọwọ́ ara wa parí rẹ̀, òun á wò ó bí òun bá padà wá ní Kérésìmesì. A dá owó jọ, a ra òrùka láti òkè òkun, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ọ̀pá náà jẹ́. Ìdí tí a fi jókòó kọ èyí nìyẹn.

Èrò wa rèé: ẹni tó bá ń ṣe ọ̀pá fífúyẹ́ fún ara rẹ̀, kí ó má ṣe fi kékeré ṣe ìdíje. Òrùka tó kéré jù lọ ní ọjà kọ́ ló dára jù. Èyí tó dára jù ni òrùka tó kéré jù lọ nínú àwọn tí kókó okùn rẹ lè gbà kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán.

A kò bá òrùka kékeré ṣọ̀tá o. Ó ní ìdí tí àwọn apẹja fi ń sá tẹ̀lé e. Ọ̀pá fífúyẹ́ kò lágbára púpọ̀. Bí ẹ bá di ẹrù lé ṣóńṣó rẹ̀, yóò máa mì lẹ́yìn tí ẹ bá ti ju ìjẹ tán, kò sì ní tètè jẹ́ kí ẹ mọ̀ bí ẹja bá fẹnu kan ìjẹ. Ẹ dán an wò nílé. Ẹ mú igi ìgbálẹ̀ gígùn kan, ẹ so ìdì kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn nítòsí ọwọ́ yín, ẹ jù ú síhìn-ín sọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà, ẹ so ìdì kọ́kọ́rọ́ kan náà mọ́ òpin igi lọ́hùn-ún. Ìwúwo kò yí padà, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín á mọ̀ pé nǹkan ti yàtọ̀. Bí ìwúwo kan bá jìnnà sí ọwọ́ ní ìlọ́po 2, ìṣòro yíyí i padà á di ìlọ́po 4. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ gíráàmù ní ṣóńṣó ọ̀pá kì í ṣe àsọdùn.

Ṣùgbọ́n òrùka nìkan kọ́ ni ẹrù. Òwú tí a fi dè é wà níbẹ̀, gọ́ọ̀mù epoxy tí a fi bo òwú náà sì wà níbẹ̀. Òrùka ẹlẹ́sẹ̀ méjì gba ìdè méjì, ẹlẹ́sẹ̀ kan gba ẹyọ kan. Láti àárín ọ̀pá dé ṣóńṣó, ẹlẹ́sẹ̀ kan ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi gọ́ọ̀mù náà ṣe fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ ó rí i pé ẹ ti dín ẹrù kù láìfi ọwọ́ kan ojú òrùka rárá.

Ojú òrùka yìí gan-an ni ibi tí àwa ti kọ́kọ́ ṣìnà. Nígbà tí a ń wá orúkọ tí a ó máa pè é, ẹnì kan nínú wa ní kí a pè é ní ojú okùn, bí ojú abẹ́rẹ́. Òrùka ló borí, a sì fi ojú sílẹ̀ fún ihò inú rẹ̀. Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe eré àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè lásán. Nọ́ńbà tí àwọn tó ń ṣe òrùka fi ń pè é, bíi 4 tàbí 5.5, mìlímítà ẹ̀yìn òrùka ló ń tọ́ka sí. Ojú tí okùn ń gbà kéré sí i. Àwa ra 3.5, a rò pé ojú rẹ̀ ni wọ́n wọ̀n.

Ohun kejì ni irú kẹ̀kẹ́ okùn tí ẹ ń lò. Tiwa ni èyí tó máa ń rọ̀ sábẹ́ ọ̀pá, tí ibi tí okùn wé mọ́ kì í yí nígbà tí a bá ju ìjẹ. Okùn máa ń bọ́ lára rẹ̀ ní òbìrí-òbìrí. Òrùka àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ tóbi, kí ó sì ga kúrò lára ọ̀pá, kí ó lè gba àwọn òbìrí náà. Èkejì àti ẹ̀kẹta á máa fún un pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, okùn á ti máa lọ tààrà, àwọn òrùka tó kù lè kéré. Ẹni tó bá fi kékeré bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, okùn rẹ̀ á máa na ara ọ̀pá, ìjẹ rẹ̀ kò sì ní lọ jìnnà.

Ní ti iye, àwọn tó ń fọwọ́ ṣe ọ̀pá sábà máa ń ka ẹsẹ̀ bàtà ọ̀pá, wọ́n á fi ẹyọ kan lé e, láìka ti ṣóńṣó mọ́ ọn. Ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 6 á gba 7. Ìbẹ̀rẹ̀ lásán ni iye yìí, kì í ṣe òfin.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. A lo okùn híhun tó tín-ín-rín, a sì ta okùn náílọ́ọ̀nù mọ́ ọn níwájú, nítorí pé náílọ́ọ̀nù kì í tètè hàn nínú omi. Ibi tí okùn méjèèjì ti pàdé, kókó wà níbẹ̀. Ní Sátidé àkọ́kọ́, ẹni tó gbà pé òun mọ̀ ọ́n jù ló ju ìjẹ. Kókó há sí òrùka 3.5, okùn já, ìjẹ wa fò lọ sínú omi láìní ìdè. A ní bóyá ọwọ́ rẹ̀ ni kò dára. Ẹlòmíràn jù ú, kókó tún há. Ìjẹ mẹ́ta ló bá omi lọ kí oòrùn tó mú. Nígbà tí kókó fẹ́ máa kọjá, ewéédò dé. Ó máa ń wé mọ́ okùn bí òwú tútù, bí a bá sì ti ń ká okùn bọ̀, á kó jọ sí ẹnu òrùka ṣóńṣó títí okùn kò fi ní lè lọ mọ́.

A ní láti tú gbogbo rẹ̀. Ọ̀bẹ la fi gé òwú kúrò, ọ̀bẹ náà sì yọ̀, ó ha ara ọ̀pá. Ẹni tó bá mọ kábọ́ọ̀nù mọ̀ pé ibi tó bá ti họ ni ó ti lè kán lọ́jọ́ tí ẹja ńlá bá fà á. Ẹnu wa wọhò. Ẹ̀bùn ẹni ẹlẹ́ni ni a fẹ́ fi bá àṣà lọ.

A mọ ohun tí àwọn kan máa wí. Àwọn kan á ní, ẹ má lo kókó, ẹ fi náílọ́ọ̀nù nìkan pẹja. Òótọ́ ni, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè lo òrùka tó kéré sí tiwa. Àwọn mìíràn á ní, ẹ kọ́ kókó tó tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí wọ́n ń pè ní FG. Kókó tó dára ni, a sì ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ta á dáadáa létí omi, nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, tí ẹ̀fọn sì ń jẹ ẹ́ lọ́rùn? Kókó tí ẹ máa ń ta lójoojúmọ́ ni kí ẹ fi wọn òrùka, kì í ṣe kókó tí ẹ ta lọ́jọ́ kan tí ara yín balẹ̀.

Àwọn mìíràn á sọ pé ní Japan, òrùka kékeré ni wọ́n ń lò. Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn kan níbẹ̀ máa ń fi ìjẹ tí kò tó gíráàmù 1 pẹja tí wọ́n ń pè ní aji létí èbúté lóru, okùn wọn sì tín-ín-rín bí irun. Ó bá wọn mu. Ní àwọn ibi tó tutù ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, omi ara okùn máa ń di yìnyín sí ojú òrùka kékeré, àwọn apẹja ibẹ̀ sì máa ń ráhùn nípa rẹ̀. Àwa kò ní yìnyín, àmọ́ a ní ewéédò. Kí ló dé tí a fi ń da àtẹ ìwọ̀n tí wọ́n ṣe fún omi ẹlòmíràn kọ láìkọ́kọ́ wo omi tiwa?

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ta kókó yín kí ẹ tó náwó, kí ẹ sì wá ẹni tó ní òrùka tí ẹ lè fi dán an wò. Bí ẹ bá ti rà wọ́n, ẹ fi rọ́bà de gbogbo wọn mọ́ ọ̀pá ná, kí ẹ má tíì fọwọ́ kan gọ́ọ̀mù. Ẹ fa okùn kí ọ̀pá tẹ̀, kí ẹ wò bóyá okùn ń tẹ̀lé ìtẹ̀ ọ̀pá tàbí ó ń gé e kọjá. Ibi tó bá ti gé e, ẹ sún òrùka. Ẹ lọ sí pápá, ẹ fi ìjẹ tí kò ní ìwọ̀ jù ú nígbà ogún. Bí kókó kò bá há, ẹ wá mú òwú. Kí ẹ sì ra ẹyọ kan lé, nítorí pé bí òrùka kan bá fọ́ níbí, kò sí ọjà tí ẹ máa sáré lọ.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òrùka olówó ńlá dẹ́rù bà yín pẹ̀lú. Okùn híhun lè gé ojú irin tó bá rọ̀, torí náà ẹ ra èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ seramíìkì. Ṣùgbọ́n epìyà wa kò ní sáré débi tí òrùka yóò gbóná.

Tiwa báyìí ni 16, 8, 5.5, lẹ́yìn náà 4.5 mẹ́rin, àti 4.5 ní ṣóńṣó. A wé òwú bo ibi tó họ, ó sì ṣì ń hàn.

Ẹ̀gbọ́n dé ní Kérésìmesì lóòótọ́. A ti múra láti sọ nọ́ńbà gbogbo òrùka fún wọn. Wọn kò bèèrè. Wọ́n fi ìka pa ibi tó họ, wọ́n wò wá, wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n fa okùn títí kókó fi dé òrùka ṣóńṣó, wọ́n rọra fà á síwá sẹ́yìn nígbà mẹ́ta. Ó kọjá.

“Ó ti tó,” ni wọ́n wí. “Ẹ jẹ́ ká lọ sí odò.”