Ọsàn Wẹ́wẹ́ Ń Jẹrà Lágbàlá, À Ń Ra Òórùn Ọsàn Nínú Páálí

Ọ̀rọ̀ tíì la bá wá lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Tíì kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú tí a fi ń wo ara wa ló wà nínú ife náà.

Níbi ìkómọ kan ní Anagokomé, wọ́n gbé omi gbígbóná àti páálí tíì kan síwájú àlejò. Páálí náà ń dán, wọ́n kọ Earl Grey sí i lára gàdàgbà. Ìyá àgbà kan tí wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní, "Ìyàwó wa, bá mi wá ọsàn wẹ́wẹ́ kan kí n fún un sí i." Ìyàwó ilé kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ọsàn ti wà nínú eléyìí, ti òyìnbó ni. Ọsàn wẹ́wẹ́ tiwa yẹn, ẹja la fi ń fọ̀." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Màmá dákẹ́, wọ́n mu tíì wọn bẹ́ẹ̀. Igi ọsàn wẹ́wẹ́ sì wà lẹ́yìn ilé náà, èso rẹ̀ ń já sílẹ̀, eṣinṣin ń bò ó.

A kò bá ìyàwó náà jà. Àwa àgbà la kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a ò ní í dákẹ́, torí adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà.

Ẹ jẹ́ ká tú páálí yẹn wò. Ewé inú rẹ̀, tíì dúdú ni, irú ewé kan náà tó wà nínú èyí tí a ń fi búrẹ́dì àti mílíìkì mu ní kafetéríà ẹ̀gbẹ́ títì láràárọ̀. Kenya, ní ilẹ̀ Áfíríkà níbí, wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ta tíì dúdú jù lọ sókè òkun. Òórùn tó ń ta sí wa nímú, òróró ni, láti ara èèpo ọsàn kan tí wọ́n ń pè ní bergamote. Ọsàn náà kan, ó sì korò, kì í ṣe èyí tí èèyàn ń bó jẹ. Calabria ní gúúsù Ítálì ni wọ́n ti ń gbìn ín jù, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbìn ín ní Côte d'Ivoire náà, wọ́n sì ń fún òróró rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Lomé, tó gba Accra kọjá, Côte d'Ivoire ló máa já sí.

Ẹ wá gbọ́ o. Ewé lè jẹ́ ti Áfíríkà, òróró lè jẹ́ ti aládùúgbò wa. Wọ́n á kó wọn lọ sí Yúróòpù, wọ́n á pò wọ́n pọ̀, wọ́n á fi páálí tó ń dán bò ó, ọkọ̀ ojú omi á gbé e padà wá sí èbúté Lomé, àwa á sì kúnlẹ̀ fún àlejò pé "ti òyìnbó ni." Kí ni òyìnbó fi kún un tó fi di ohun ìyangàn? Páálí ni. Orúkọ ni.

Nígbà mìíràn gan-an, ọsàn ò sí níbẹ̀. Ẹ yí páálí náà padà, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ lédè Faransé. Bí wọ́n bá kọ "arôme naturel de bergamote", òfin Yúróòpù ní ó kéré tán ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó ń mú adùn náà wá gbọ́dọ̀ ti ara bergamote wá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ "arôme" lásán ni, ó lè jẹ́ inú ilé iṣẹ́ kẹ́míkà ni wọ́n ti pò ó. Òórùn tí kò rí igi rí la wá fi rọ́pò èso tó wà lágbàlá.

Orúkọ náà ńkọ́? Charles Grey, ìjòyè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n fi sọ ọ́. Òun ni olórí ìjọba níbẹ̀ láti 1830 sí 1834. Àwọn olùtajà ń pìtàn pé ará Ṣáínà kan ló fún un ní tíì yìí, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà kò dé Ṣáínà rí. Lábẹ́ ìjọba rẹ̀, ní 1833, ni wọ́n ṣe òfin tó fòpin sí níní ẹrú ní àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn. Ó dára. Ṣùgbọ́n ogún mílíọ̀nù pọ́n-ùn tí wọ́n yà sọ́tọ̀ láti fi tu èèyàn nínú, ọwọ́ àwọn tó ni ẹrú ló lọ. Ẹrú fúnra rẹ̀ kò rí kọ́bọ̀ gbà. Àwa tí a ń gbé etí òkun tí wọ́n ti kó àwọn èèyàn wa lọ, kí ló dé tó fi jẹ́ orúkọ ìjòyè yìí la máa fi bu ọlá fún ọmọ tuntun? Ilé là á wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ.

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní, "Àwa ọmọ Yorùbá náà la ń ta páálí yìí ní Adawlato àti Hédzranawoé. Ṣé ẹ fẹ́ ba ọjà wa jẹ́ ni?" Rárá o. Ẹ máa ta tíì. Ṣùgbọ́n ìyá tó gbé ọsàn wẹ́wẹ́ kalẹ̀ lórí àtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ọlọ́jà lòun náà, kò sì sí ẹni tó ń bá a pọ́n ọjà rẹ̀. Nígbà tí ọsàn bá pọ̀, ó ń ṣà á dànù nírọ̀lẹ́. Ẹ ta tíì lásán, kí ẹ ní kí oníbàárà ra ọsàn wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà. Owó méjèèjì á dúró lọ́jà.

Àwọn mìíràn á ní tíì olóòórùn yìí dára fún ara jù. Ẹ má tan ara yín. Àwa náà ò sọ pé ọsàn wẹ́wẹ́ ń wo ibà. Ohun tí àwọn onímọ̀ ìlera fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé tíì dúdú, ì báà jẹ́ olówó ńlá, kì í jẹ́ kí ara rí áyọ́ọ̀nù inú oúnjẹ gbà dáadáa, èyí tí ẹ̀jẹ̀ nílò. Nítorí náà, kí aláboyún má máa fi tíì ti oúnjẹ, kí a má sì sọ ọ́ di oúnjẹ àárọ̀ ọmọdé. Fítámì C inú ọsàn ní tirẹ̀ máa ń ran ara lọ́wọ́ láti gba áyọ́ọ̀nù náà.

Bí a ṣe ń ṣe é kò le. Ẹ fi omi tó hó rẹ tíì dúdú fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́rin, kí ẹ yọ ewé kúrò. Ẹ fọ ọsàn wẹ́wẹ́ dáadáa, ẹ ha èèpo aláwọ̀ ewé rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú rẹ̀, torí inú èèpo ni òórùn wà. Ẹ wá fún ìdajì ọsàn náà sí i. Ẹ ó rí i tí àwọ̀ tíì máa mọ́lẹ̀ lójú yín. Ẹ má fi mílíìkì sí i o, á dì.

Ẹni tó bá fẹ́ràn Earl Grey, kó máa mu ún, ẹnu rẹ̀ ni. Ohun tí a kọ̀ ni pé kí a fi ojú ẹja fífọ̀ wo èso ilẹ̀ wa, kí a sì dójú ti àgbà tó béèrè rẹ̀ láàárín àwùjọ. Níbi ìkómọ tó ń bọ̀, ẹ gé ọsàn wẹ́wẹ́ sínú àwo tó mọ́, kí ẹ gbé e sí àárín tábìlì ṣáájú páálí èyíkéyìí. Kí ìyá àgbà má tún tọrọ rẹ̀ mọ́.