Etí Tó Ń Ṣọyún Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Àwàdà



Àwọn kan ń sọ pé etí tó ń ṣọyún kò ju àrùn ọmọdé lọ, pé bí ọmọ bá dàgbà, yóò lọ fúnra rẹ̀. A kò gbà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló dàgbà tán tí ọyún náà sì bá a dé ẹnu iṣẹ́. Awakọ̀ tí kò gbọ́ fèrè mọ́tò tó ń bọ̀ lẹ́yìn, òṣìṣẹ́ tí kò gbọ́ nígbà tí wọ́n pariwo pé kó yọ ọwọ́ kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, ṣé ọmọdé ni àwọn náà?

Ẹ jẹ́ kí a wo bí àrùn yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Ihò tóóró kan wà tó so ọ̀fun pọ̀ mọ́ inú etí. Nígbà ọ̀finkìn, kòkòrò àrùn lè gba ibẹ̀ gòkè, ọyún a kún, a sì dá awọ etí lu, awọ tó dà bí ojú ìlù. Bí ihò náà kò bá dí, omi ìwẹ̀ àti ìdọ̀tí a máa gba ibẹ̀ wọlé. Bí ọyún bá ti ń jáde fún ọ̀sẹ̀ 2 ó kéré tán, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà á sí àrùn bárakú. Ní ọdún 2004, àjọ náà ṣírò pé àwọn tí etí wọn ń ṣọyún láyé wà láàrin mílíọ̀nù 65 sí 330.

Pseudomonas àti Staphylococcus wà lára kòkòrò tí àwọn dókítà ń bá níbẹ̀ jù lọ. Ara kò fọwọ́ lẹ́rán. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ a tú jáde láti jà. Òkú wọn ló pọ̀ nínú ọyún tí ẹ ń rí yẹn. Ṣùgbọ́n kòkòrò wọ̀nyí mọ odi mọ: wọ́n a fi ohun tó ń yọ̀ bí ilá bo ara wọn, tí ọmọ ogun kò fi ní rí wọn mú. Ogun náà kò ní parí. Ohun ìjà tí ara ń yìn sí ọ̀tá a wá máa ba ilé jẹ́: inú etí a wú, eegun kéékèèké 3 tó ń gbé ohùn wọlé a máa jẹrà. Nígbà mìíràn àrùn náà a wọ eegun ẹ̀yìn etí, a sì dé ọpọlọ. Ó ń pa ènìyàn.

Kí wá ni wọ́n ń tà fún wa ní gárèjì? Kápúsù! Ampicillin àti tetracycline kì í pa Pseudomonas. Ẹni tó gbé wọn mì lè pa kòkòrò aláìlágbára, kó sì fi alágbára sílẹ̀ lórí oyè. Òfin ọdún 1999 dè é pé kí a máa kiri oògùn ní gárèjì àti nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin awakọ̀, bọ́ọ̀sì ta ni? Ẹ má gbé wọn mọ́. Ẹni tó sì ń da àdín tàbí kẹrosíìnì sí etí, epo ló ń dà sí iná.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro. Kí nọ́ọ̀sì fi òwú nu ọyún gbẹ, kí a kán oògùn tí dókítà yàn, bíi ciprofloxacin, nítorí oògùn kíkán mìíràn lè pa etí pátápátá. Kí omi má wọ̀ ọ́. Bí ihò kò bá dí, iṣẹ́ abẹ wà láti lẹ̀ ẹ́. Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìlọrin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1980, ní ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní Òkè-Òsé. Òṣìṣẹ́ mélòó ni owó oṣù rẹ̀ gbé e débẹ̀?

Ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n ń fún wa ní oògùn orí fífọ́ nígbà tí etí ń jẹrà. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Bí etí bá di tán, wọ́n á ní a kò yẹ fún iṣẹ́ mọ́. Òfin ọdún 2022 sọ pé kí gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà wà nínú ètò adójútòfò ìlera. Nítorí náà, ohun 3 ni a ń béèrè:

1. Kí wọ́n máa yẹ etí wa wò lọ́dọọdún, kí èsì rẹ̀ má sì di ìwé ìdádúró.

2. Kí adójútòfò gba owó oògùn kíkán àti iṣẹ́ abẹ etí, fún òṣìṣẹ́ àti ọmọ rẹ̀.

3. Kí wọ́n fún ẹni tí etí rẹ̀ ń ṣọyún ní ìbòtí tó bo etí láti òde, nítorí kò yẹ kí ó ki ohun kan bọ inú etí bẹ́ẹ̀ nítorí ariwo ẹ̀rọ.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Etí la fi ń gbọ́ ìpè ẹgbẹ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dí i mọ́ wa lórí.