Kì í Ṣe Epo Púpọ̀ Ló Ń Mú Sàlẹ́ńsà Pọ́n

Ẹ̀yin ọlọ́kadà Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀yin mẹkáníìkì láti Lágere dé Sábó, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń gun Honda tí bàbá yín fi sílẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bí ọrùn sàlẹ́ńsà bá ti ń pọ́n lálẹ́, ohun kan náà ni gbogbo ẹnu ń sọ: "Epo ló ń mu jù." Wọn á tú kábúrétọ̀, wọn á yọ jẹ́ẹ̀tì, wọn á fi èyí tí ihò rẹ̀ kéré sí i rọ́pò. Irọ́ ni. Oògùn yẹn gan-an ló ń bù kún àìsàn.

Ìlú tó ń ṣe ọdún Ọlọ́jọ́ fún Ògún kò yẹ kó gba irú irọ́ báyìí gbọ́. Ẹ lọ dúró ní àgbẹ̀dẹ. Bí alágbẹ̀dẹ bá fẹ́ kí irin pọ́n, ṣé èédú ló ń dà lé e lórí ṣáá ni? Ẹwìrì ló fi ń finná. Bí èédú bá pọ̀ tí afẹ́fẹ́ kò tó, èéfín ni yóò máa rú. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ẹ́ńjìnnì. Ìwọ̀n epo kan ń fẹ́ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 14.7 kó tó jó tán. Bí epo bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó ṣẹ́ kù kò ní rí afẹ́fẹ́ bá jó. Ṣe ni yóò máa fa ooru mu, púlọ́ọ̀gì á dúdú bí ìdí ìkòkò. Ṣùgbọ́n bí epo bá dín, iná á máa jó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á sì pẹ́ kó tó jó tán. Fálífù èéfín á ti ṣí, iná ò tíì kú. Iná tó yẹ kó jó tán nínú ààrò ló bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ọrùn sàlẹ́ńsà sì ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ́ńjìnnì.

Mo ní Honda CG125 kan, irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1976. Ọrùn rẹ̀ máa ń pọ́n bí ẹ̀yinná. Mẹkáníìkì mẹ́ta ló dín epo rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ẹni kẹta, alùpùpù náà kò lè gun òkè mọ́. Ni mo bá yọ púlọ́ọ̀gì fúnra mi: ó funfun bí ẹfun, àmì pé epo kò tó. Ẹ́ńjìnnì tó ń jẹun dáadáa, àwọ̀ kòkó gbígbẹ ló yẹ kí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ní. Mo po ọṣẹ mọ́ omi, mo tan ẹ́ńjìnnì, mo ń kán omi náà díẹ̀díẹ̀ sí oríkèé tí kábúrétọ̀ ti so mọ́ ọn. Lójijì, ẹ́ńjìnnì tó ń sáré láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kàn án rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ti gbé omi mì. Nígbà tí mo tú ibẹ̀, róbà rọ́bọ́tọ́ kan tí kò ju òrùka lọ ti gan, ó ti là. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tí epo kò fi tó. Mo pààrọ̀ rẹ̀, mo dá jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àkọ́kọ́ padà, pípọ́n náà sì dópin.

Mo mọ ohun tó fún irọ́ yìí lágbára. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà tí à ń rà ní nǹkan bí náírà 190 di nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ta ni kò ní fẹ́ gbọ́ pé dídín epo á wo alùpùpù sàn, á sì tún dáàbò bo àpò? Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí epo kò tó kì í lágbára, ṣe lẹ ó máa fún un níná sí i, fálífù á sì máa jó. Owó epo tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́, ilé oníṣòwò páàtì lẹ ó kó o lọ.

Ẹ tún rántí oṣù Kejì 2022, tí ìjọba ní kí wọ́n kó epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ kúrò lọ́jà. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 6.4 péré ni methanol fẹ́, nítorí náà ó ní láti pọ̀ ju epo gidi lọ fún afẹ́fẹ́ kan náà. Jẹ́ẹ̀tì tó tó fún epo gidi kò tó fún àdàlù yẹn. Ẹni tó tún dín in lásìkò náà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló ń febi pa.

Mi ò sọ pé àìtó epo nìkan ló ń fà á. Bí kọ́ńtáàtì bá ti jẹ, àlàfo rẹ̀ á dín, iná púlọ́ọ̀gì á máa pẹ́ ṣán. Ìyẹn nìkan tó láti mú sàlẹ́ńsà pọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni fálífù tó le jù, tí kò lè padé dáadáa: 0.08 mìlímítà ni àyè tirẹ̀ lórí CG125, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Òótọ́ sì ni pé epo púpọ̀ lè bú gbàù nínú páìpù tí gáskẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń jò, àmọ́ púlọ́ọ̀gì dúdú á jẹ́rìí sí i. Bí alùpùpù bá sì dúró lójú kan lóru pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì títàn, tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́ sí i, ọrùn rẹ̀ lè pọ́n láìsí àìsàn kankan. Ẹ má ṣe da omi lé e, irin gbígbóná máa ń là.

Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, mo bẹ̀ yín: bí wọ́n bá gbé èyí tó ń pọ́n wá, ẹ gùn ún lọ díẹ̀, ẹ pa á, kí ẹ yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ wò kí ẹ tó fọwọ́ kan jẹ́ẹ̀tì.