Owó Ilé-Ìwé Ìjọba Ní Etí Òkun Wa: Ẹ̀tọ́ Ni, Kì í Ṣe Sàráà

 

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin ìjọ mọ́sálásí, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-kéú wa ọ̀wọ́n, ẹnìkan lè máa bèèrè pé kí ló kan àfáà nínú owó ilé-ìwé ìjọba. Ó kàn án gan-an ni. Ọmọ tó ń ka alifu níwájú wa ní ìrọ̀lẹ́, ilé-ìwé ìjọba ló ti ń bọ̀. Bí òjò bá lé e jáde ní kíláàsì láàárọ̀, tí kò sì rí olùkọ́ kọ́ ọ ní ìṣirò, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. (Ọmọ tí kò mọ ìṣirò, báwo ni yóò ṣe mọ ogún pín nígbà tí a bá dé orí rẹ̀?)

Owó yìí kì í ṣe ojú àánú. Òfin ẹ̀kọ́ UBE ti 2004 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ìdá 2 nínú 100 owó àpò rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ mú nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé owó tirẹ̀ náà kalẹ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 tún sọ pé, ó kéré tán, ìdá 13 nínú owó epo gbọ́dọ̀ padà sí ìpínlẹ̀ tí epo ti jáde. Nítorí èyí ni ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe dá OSOPADEC sílẹ̀ ní 2001, tí wọ́n sì ya ìdá 40 nínú owó epo tó bá wọlé yẹn sọ́tọ̀ fún Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò. Ọmọ wa ń bẹ nínú àwọn tí wọ́n tìtorí wọn gba owó náà.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n ka omi sí nígbà tí wọ́n bá ń pín in. Bí wọ́n bá fún ilé-ìwé Àkúrẹ́ àti ti etí òkun ní iye kan náà, ẹni tí kò mọ ibí yóò ní ó dọ́gba. Kò dọ́gba rárá. Sìmẹ́ńtì tí mọ́tò já sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé l'Ákùúrẹ́, èbúté Igbọ́kọ̀dá ni tiwa ti ń wọ ọkọ̀ ojú-omi, a ó sì tún san owó ọkọ̀ àti owó alárù. Kí a tó gbé búlọ́ọ̀kù kan lé èkejì, a ó ti ri òpó mọ́ ẹrẹ̀ tàbí kí a kó iyanrìn dí ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ a sì jẹ páànù kí ọjọ́ tó pẹ́. Olùkọ́ tí wọ́n bá gbé wá ńkọ́? Owó ọkọ̀ nìkan lè lé e padà sílé, bí kò bá sí ilé fún un nítòsí. Ilé olùkọ́ ni èmi ì bá kọ́kọ́ kọ́, kí n tó kọ́ ọ́fíìsì aláràbarà fún ẹnikẹ́ni.

Ìnáwó ló kù. Ní Ùgáńdà, láàárín 1991 sí 1995, àwọn olùwádìí rí i pé nínú owó ìnáwó tí ìjọba ń fi ránṣẹ́ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ìdá 13 nínú 100 péré ló ń dé ọwọ́ ilé-ìwé. Ìyókù há sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ agbègbè. Ni ìjọba bá ń tẹ iye owó náà sínú ìwé ìròyìn, wọ́n sì ní kí ilé-ìwé lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kí òbí rí i kà. Nígbà tó fi di 2001, ó ti lé ní ìdá 80 tó ń dé. Mi ò ní ìwé ara ògiri nìkan ló ṣe é o, ṣùgbọ́n olè kì í fẹ́ iná.

Níhìn-ín, a ti rí bí iṣẹ́ ṣe ń sọnù. NDDC gbé iṣẹ́ dídí òkun Ayétòrò síta ní 2004, wọ́n tún gbé e síta ní 2009, bẹ́ẹ̀ òkun ò yéé gbé ilé lọ. Kí ti ilé-ìwé má lọ rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ìlú mìíràn náà, owó ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń bèèrè lọ́wọ́ kọngilá, wọn kì í bèèrè iye kíláàsì tó fẹ́ kọ́.

Ẹ̀yin kan ń bẹ̀rù pé ta ni àwa láti bi ìjọba léèrè. Ẹ rántí ìtàn tí a máa ń sọ fún àwọn ọmọ wa nípa Sàídì Umar, tí ẹnìkan dìde bi í láàárín ìjọ pé níbo ló ti rí aṣọ tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Kò bínú, ọmọ rẹ̀ ló ní kó ṣàlàyé. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún ẹnikẹ́ni láyè láti bèèrè ìwé ìnáwó lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, kí èsì sì dé láàárín ọjọ́ 7. Àwọn kan ti ń jiyàn pé kò mú ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ parí ìjà yẹn ní oṣù kẹrin 2025: ó mú gbogbo wọn. Ìgbìmọ̀ SBMC tó yẹ kó wà ní ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan sì ní àyè fún òbí àti àwọn aṣáájú ẹ̀sìn. Kí ìmáàmù àti pásítọ̀ jọ jókòó níbẹ̀. Òjò tó ń wọ kíláàsì kò mọ ẹ̀sìn.

Ẹ bá wa kọ orúkọ ilé-ìwé ọmọ yín, iye olùkọ́ tó wà níbẹ̀, àti iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò parí. Ẹ mú un wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Àwa olùkọ́ yóò bá yín kọ lẹ́tà náà, ẹni tó ń lọ sí Igbọ́kọ̀dá yóò sì bá wa mú un lọ.