Kí ló dé tí àmàlà ń sá pamọ́ fún àlejò?

Àwọn ará Jámánì tó ń wá sinmi létí adágún Garda kì í wá oúnjẹ ilé wọn tì. Adágún yìí ló tóbi jù ní Ítálì, kò sì jìnnà sí Brescia tí a ti ń kàwé. Ní Riva del Garda, lápá àríwá rẹ̀, ẹ óò rí canederli ní ilé oúnjẹ tí bàbá, ìyá àti ọmọ jọ ń bójú tó. Búrẹ́dì tó ti le ni wọ́n ń rẹ sínú mílíìkì, wọ́n á pò ó mọ́ ẹyin àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ, wọ́n á ṣù ú róbótó, wọ́n á sì bù ú sínú omi ẹran. Knödel ni àwọn tó ń sọ èdè Jámánì ń pè é. Abẹ́ Austria ni Riva kúkú wà kí ogun àgbáyé kìíní tó parí lọ́dún 1918.

Oúnjẹ tálákà ni, síbẹ̀ wọn ò fi pamọ́. Orúkọ rẹ̀ àti iye owó rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, lédè Ítálì àti ti Jámánì.

Tiwa ńkọ́? Èyí tó pọ̀ jù nínú búkà Nàìjíríà tí a ti wọ̀ ní Brescia, Padua àti Turin kò gbé mẹ́nù síta. Ẹni tó mọ̀nà ló ń wọlé. Bí òyìnbó bá yọjú, ìrẹsì nìkan ni wọ́n ń dárúkọ fún un, bíi pé àmàlà ń tini lójú.

Bẹ́ẹ̀, ará Brescia kì í ṣe àjèjì sí òkèlè. Àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n rò lórí iná ni polenta wọn. Ní Clusane, létí adágún Iseo, òun ni wọ́n fi ń jẹ ẹja inú adágún tí wọ́n yan. Kí ni ẹni tó ń jẹ èyí fẹ́ bẹ̀rù lára àmàlà?

Àwọn kan á ní àlejò ò lè jẹ ata wa. Ẹ dín ata kù nínú abọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má yí orúkọ oúnjẹ padà. Ẹ kọ "àmàlà", kẹ́ ẹ wá fi èdè Ítálì ṣàlàyé èlùbọ́, ewédú àti gbẹ̀gìrì sábẹ́ rẹ̀. Ẹ sọ ibi tí ẹ̀pà, ẹja tàbí edé wà pẹ̀lú, torí láti oṣù Kejìlá ọdún 2014 ni òfin Yúróòpù ti sọ ọ́ di dandan kí ilé oúnjẹ jẹ́ kí oníbàárà mọ ohun tó lè gbòdì lára rẹ̀.

Owó nìkan kọ́ là ń sọ. Àwọn ọmọ tí a bí síbí ń wò wá. Bí a bá ń fi àmàlà pamọ́ fún àlejò, báwo la ṣe fẹ́ kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ wọn nílé ìwé?