Ẹ Wá Ibi Tí Afẹ́fẹ́ Ń Gbà Wọlé Kí Ẹ Tó Yí Sìkúrù

Bí iná ìjọba bá lọ lálẹ́ tí àdúgbò tan jẹnẹrétọ̀, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ẹ ó gbọ́ òmíràn tó ń ké sókè, tó tún ń rẹlẹ̀, tó tún ń ké. Gílóòbù inú ilé náà á tàn yòò, á tún ṣe bàìbàì. Ẹni tó ni ín á jáde, á fa ṣóòkù dé ìdajì, ariwo á dọ́gba, á sì padà wọlé. Kò tún nǹkan kan ṣe o. Epo ló fi kún un, bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò lọ́dún 2023, kò sẹ́ni tí epo tó í fi ṣòfò mọ́.

Bí ara ẹ̀rọ bá balẹ̀ kìkì nígbà tí ẹ pa ṣóòkù dé, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti pọ̀ ju èyí tí epo nílò lọ nìyẹn. Epo gíráàmù 1 ń fẹ́ afẹ́fẹ́ bíi gíráàmù 14.7 kó tó lè jóná tán, kábúrétọ̀ ló sì ń bá wa po ó. Ṣùgbọ́n bí písítìnnì ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń fa afẹ́fẹ́ tagbára-tagbára. Bí àlàfo bá wà láàárín kábúrétọ̀ àti ẹ́ńjìnnì, yóò fà á níbẹ̀, láìgba ọ̀dọ̀ epo kọjá.

Ta ló ń dá àlàfo yìí sílẹ̀? Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó tú kábúrétọ̀ láti fọ̀ ọ́ ni. Gáásíkẹ́ẹ̀tì ya mọ́ ọn lọ́wọ́, ó gé páálí dí i, tàbí ó fi gọ́ọ̀mù rẹ́ ẹ. Gọ́ọ̀mù yẹn wúlò nídìí ẹ́ńjìnnì níbi tí ọ́ìlì wà. Ní ibi tí bẹntiróòlù ń gbà kọjá, yóò wú, yóò rọ̀, yóò sì máa já wẹ́wẹ́ wọ inú ẹ̀rọ.

Àwọn tó ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní I pass my neighbour ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Inú epo ni wọ́n ń po ọ́ìlì rẹ̀ mọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ti borí epo, ọ́ìlì náà dín kù nìyẹn, ooru sì ń pọ̀ sí i, títí písítìnnì yóò fi há. Ẹni tó ń yí sìkúrù kábúrétọ̀ kiri lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ọ̀nà àtiwá àlàfo náà kò le. Ẹ gbé ẹ̀rọ síta gbangba, nítorí èéfín rẹ̀ ń pani. Ẹ tàn án, kí ẹ fi ike ìfọ́nmi fín omi díẹ̀ sí oríta kábúrétọ̀ àti ẹ́ńjìnnì. Bí ohùn rẹ̀ bá yí padà lójú ẹsẹ̀, ẹ ti rí i: omi ló dí ihò náà fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ẹ má jẹ́ kó kan wáyà púlọ́ọ̀gì. Àwọn kan ń fín bẹntiróòlù dípò omi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sèlẹ́ǹsà tó gbóná janjan! Ẹ sá fún irú mẹkáníìkì bẹ́ẹ̀.

Bí ohùn kò bá yí padà, jẹ́ẹ̀tì tó dọ̀tí, ihò kékeré tí epo ń gbà nínú kábúrétọ̀, ló ṣeé ṣe jù. Fífọ̀ ló kù.

Bí ẹ bá rí ihò, ẹ ha gáásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò láìfá irin. Ẹ gbé ojú kábúrétọ̀ lé orí dígí. Bó bá ń mì, ẹ tẹ́ sáńpépà sórí dígí náà, kí ẹ rọra yún un títí yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ike dúdú tó nípọn tó wà láàárín kábúrétọ̀ àti ẹ́ńjìnnì, ẹ má sọ ọ́ nù, òun ni kì í jẹ́ kí ooru ẹ́ńjìnnì dé inú epo. Gáásíkẹ́ẹ̀tì sì gbọ́dọ̀ wà níwájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Nọ́ọ̀tì méjèèjì tó de kábúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún ni kí ẹ máa fún wọn. Àwọn kan gbà pé agbára ni iṣẹ́, wọ́n á fún un títí etí kábúrétọ̀ fi tẹ̀, ihò tuntun á sì là.

Bó bá jẹ́ mẹkáníìkì lẹ gbé e fún, ẹ ní kó fi gáásíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì hàn yín kó tó dè é, kó sì fín omi sí i lójú yín kó tó gbowó.